Birikilà Tó Fi Ìrìnàjò Pamọ́ fún Aládùúgbò

Ọkùnrin kan wà tí kì í sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ birikilà ló ń ṣe, ìlú kan tí kò jìnnà sí bodè ló sì ń gbé. Bí o bá pàdé rẹ̀ tòun ti báàgì lọ́wọ́, tí o bi í pé, "Ibo là ń lọ?", ohun tí yóò sọ kò ju "Mo ń bọ̀" lọ. Ó ní ayé le, ó ní ẹni tó bá mọ ọ̀nà èèyàn ló ń dè é lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan wà ní òdìkejì bodè, ní apá Sàbẹ́, ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ládùúgbò. Àlàó, ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, ẹnì kankan ò mọ̀.

Ògiri kan ṣoṣo ló la òun àti Ìyá Ẹlẹ́pà láàrin. Obìnrin yìí ti ń ná ọjà òdìkejì láti ogún ọdún. Yóò di àwọn àpò òfìfo, yóò sọdá, yóò kó ẹ̀pà bọ̀. Kò sí kọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn tí kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ló sì ń ba birikilà lẹ́rù jù lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ikùn ìyá wa ti wú. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ kọjá Ọjọ́rú. Owó ọwọ́ wa ò tó. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè látàárọ̀." Birikilà sunkún. Owó wà, kì í ṣe pé kò sí. Owó ilé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wà ní báńkì, bó bá débẹ̀, ó kàn máa fi fóònù tẹ̀ ẹ́ san ni. Ó sì ti gbọ́ tipẹ́ pé wọn kì í béèrè fisa láàrin ilẹ̀ wa àti tiwọn. Ó ní kí ló tún wá kù. Kò bi ẹnì kankan léèrè.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ó jáde, ó bá Ìyá Ẹlẹ́pà lẹ́nu ọ̀nà tó ń di àpò rẹ̀. Ìyá náà ní, "Bàbá Rónkẹ́, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin náà ń rìnrìnàjò ni?" Ó ní ibi tí òun ń lọ ò jìnnà. Ó yà sí ẹ̀yìn ilé, ó dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ obìnrin náà fi gbéra. Ọkọ̀ tó sá fún yẹn, ibi tó ń lọ gan-an lòun náà ń lọ.

Ó dé bodè, wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Ó ní, "Ṣebí wọ́n ní kò sí fisa?" Òṣìṣẹ́ bodè náà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Fisa kọ́ la bi yín, bàbá. Ẹni tí ẹ jẹ́ la bi yín." Káàdì wà nínú àpótí nílé. Ó padà sílé lọ mú un, kò rí ọkọ̀ padà mọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́rú ó kọjá. Àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, owó òdìkejì, jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pè é: "Ẹ wá ṣẹ́ sẹ́fà o, bí ẹ bá ti wọ inú lọ, wọn ò ní gba náírà lọ́wọ́ yín mọ́." Ó ní wọ́n ti mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ òun, ó yára kọjá. Ìwọ̀nba náírà tó wà lápò rẹ̀ ló gbé e dé Kétu lójú ọ̀nà Sàbẹ́. Níbẹ̀ ló ti yọ fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ti kú pátápátá, kò lè tẹ owó kankan. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Kétu. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un níjòókòó. Awakọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín yékéyéké. Ṣùgbọ́n sẹ́fà ni mo fi ń ra epo." Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọkọ̀ tó kó igi ló ṣàánú rẹ̀, tó gbé e padà sí bodè. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó fi fóònù tẹ owó báńkì rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣẹ́ owó, ó gba sẹ́fà, iye tí wọ́n pè ló gbà, kò rójú yọwó.

Ó wọ agbo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá náà ti kú ní ìdájí, wọ́n ti sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ta ló rí lórí ẹní láàrin àwọn tó ń kẹ́dùn? Ìyá Ẹlẹ́pà ni.

Obìnrin náà ní, "Bàbá Rónkẹ́, kí lẹ wá ṣe níbí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ìyá Ẹlẹ́pà ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo jókòó tì wọ́n nílé ìwòsàn. Wọ́n ní àbúrò wọn ń mówó bọ̀. Sẹ́fà tí mo fẹ́ fi kó ọjà wà nídìí ìró mi, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n owó ọlówó ni, mi ò mọ ẹni tí yóò dá a padà. Ká ní mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ǹ bá ti san án níbẹ̀, ẹ̀ bá dá a padà fún mi nílé."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Owó náà pé lápò rẹ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi rà mọ́. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá ní, "Ìyá, ayé ni mò ń sá fún."

Ìyá Ẹlẹ́pà ní, "Èmi náà wà nínú ayé náà, bàbá."

Àlàó, ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyí. O ní o ń lọ sí Lomé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, o ní kí n má jẹ́ kí ìyàwó rẹ pàápàá gbọ́. Èmi tí mi ò dé Lomé rí ni o wá fi ṣe alábàárò. Mi ò ní kí o máa polongo. Má sọ iye owó rẹ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n àṣírí owó yàtọ̀ sí àṣírí ọ̀nà. Pé wọn ò béèrè fisa kò sọ pé kí o lọ lófo. Béèrè ìwé tí wọ́n ń yẹ̀ wò, béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó àti ohun tí owó wọn lè rà. Fi orúkọ ẹni tí o ń lọ bá sílẹ̀ nílé. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹkún ọkùnrin yẹn sì jẹ́rìí sí i. Ọlọ́kọ̀ tó ń ná Lomé, ilé kẹta sí tìrẹ ló ń gbé, o kì í kí i. Lọ kí i lónìí, kí o tó di ẹrù rẹ.