Ṣọkọ Tí Ehoro Rẹ́ Lórí

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, mo fi òṣùpá yìí búra pé àlọ́ mi kò ní í gùn ju ìrù Ehoro lọ.

Ìyá Ehoro ń ṣàìsàn, kò sì jẹun mọ́. Ó ní ṣọkọ tí ìyá òun gbìn nìkan ni ẹnu òun ń fẹ́. Ẹyọ ìdí kan péré ló kù lóko, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó lè so irúgbìn.

Ehoro bá se gbúre.

"Gbúre nìyí," ni ìyá wí. "Ara mi ni kò yá, ọmọ mi. Ahọ́n mi ò ṣàìsàn."

Ó se tẹ̀tẹ̀. Ìyá kí i kú iṣẹ́, ó sì dá àwo padà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ehoro mú ọ̀bẹ, ó ń sunkún lọ sóko. Ẹ bá mi gbè é:

Ṣọkọ ìyá ìyá mi,
*Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o.*
Orí rẹ ni mo wá gbà,
*Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o.*
Kí ìyá mi má baà kú,
*Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o.*

Ó se ṣọkọ náà. Ìyá jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka lá àwo. Ehoro bú sẹ́kún.

"Màámi, mo ti pa ìran ẹ̀fọ́ yín run."

"Ṣé o fà á tu ni?"

"Rárá, mo rẹ́ ẹ lórí ni."

"Ìyẹn lò ń sunkún sí? Bí a bá rẹ́ ṣọkọ lórí ló ń yọ ẹ̀ka. Lọ bomi rin ín."

Kò pẹ́, kùkùté náà yọ ẹ̀ka mẹ́ta. Wọ́n se méjì, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ kó so. Ara ìyá wá le tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ráhùn pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó.

Ẹ jọ̀wọ́, àṣírí ni o. Ẹ má jẹ́ kí Ewúrẹ́ gbọ́.