Orúkọ Tí A Fi Júwe Ilé

"Kí a tó ní arúgbó gbàgbé ọ̀nà, ká yẹ orúkọ tí a fi júwe ilé wò." Ẹ ń pa òwe yìí káàkiri ìlú bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ó dáa, ta ni arúgbó náà? Ilé ta ni wọ́n júwe fún un? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń pa á ni! Kì í ṣe ènìyàn rárá. Ètò kọ̀ǹpútà ni.

Nílé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tó wà nílùú wa, ẹ̀rọ ńlá kan wà tó máa ń lu kókó kéékèèké sára bébà, kí afọ́jú lè fi ìka kà á. Ẹ̀rọ yìí kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi lọ́wọ́ ètò àtijọ́ kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà Tìṣà Àyọ̀ká, olùkọ́ èdè Yorùbá. Àwọn tó ṣe ètò náà sì ti kógbá sílé tipẹ́.

Ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ku ọ̀la, wọ́n ti fa ìbéèrè lé Tìṣà lọ́wọ́ pé kó tẹ̀ ẹ́ fún Mọpélọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ kú fin-ín fin-ín.

Tìṣà sáré gbé tuntun tí ẹgbẹ́ òbí ta wọ́n lọ́rẹ. Kọ̀ǹpútà béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa lò ó. Ẹ kúkú mọ tìṣà Yorùbá! Ẹni tó bá kọ orúkọ rẹ̀ láìfàmì sí i, yóò dá ìwé náà padà fún un ni. Ó tẹ Àyọ̀ká, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ó mú àwo tí wọ́n fi ta ètò àtijọ́ fún wọn, ó gbé ètò náà sínú rẹ̀, ó so wáyà mọ́ ẹ̀rọ, ó ní kó máa tẹ̀. Ẹ̀rọ ò mira.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Adégoróyè, wá yọjú. "Tìṣà, ẹ má da ara yín láàmú. Arúgbó ti gbàgbé ọ̀nà ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn dúró di ọdún tó ń bọ̀."

Àyọ̀ká kọ̀. Ọdún wo? Ẹ̀gbọ́n Mọpélọ́lá ti búra pé bí kò bá ṣe ìdánwò yìí, òun yóò mú un lọ sílé, kó lọ máa jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní kí ni afọ́jú fẹ́ fìwé ṣe.

Tìṣà pààrọ̀ wáyà, kò gbọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lu bébà kan gbì-gbì-gbì, ó sì dákẹ́. Ara ẹ̀rọ yá, kí ló wá dé? Oòrùn ti ń wọ̀. Òógùn bò ó.

"Mà, ṣé ó ti ń tẹ̀?" Mọpélọ́lá ló ń béèrè láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ó ti fẹ́ máa tẹ̀."

"Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, mà."

Omi lé ròrò sójú Tìṣà. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yọ lójú kọ̀ǹpútà láti ọ̀sán, ó sì ti ń pa á rẹ́ láìkà á. Ó kà á wàyí. Ètò náà ní òun fẹ́ gbé iṣẹ́ sínú ilé Ày??ká, òun ò rí ilé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló kọ orúkọ mi báyìí?" Inú bí i. Lẹ́yìn náà ló ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni mo ṣe é!"

Ètò náà kì í rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ gbé e sílé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí ẹni náà bá tẹ̀ lorúkọ ilé. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò gbà á láyè láti fàmì sórúkọ, ṣùgbọ́n tuntun mọ lẹ́tà ọ tó lámì nísàlẹ̀. Ní ti ètò àtijọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní lẹ́tà náà nígbà tí wọ́n ṣe é, àmì ìbéèrè ló ń fi dípò rẹ̀.

Kó ṣí ilé mìíràn, kó sọ ọ́ ní AYOKA, ló kù. Ó dùn ún dọ́kàn! Ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń bá èèyàn jà lórí àmì yìí. Ó bojú wo Mọpélọ́lá, ó tẹ̀ ẹ́, ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀. Ó gbé ètò síbẹ̀, ó ní kó máa tẹ̀.

Gbì-gbì-gbì-gbì!

"Mà, mo gbọ́ ọ!" Mọpélọ́lá fò sókè.

Ọ̀gá sáré dé. "Arúgbó ti rántí ọ̀nà?"

"Ọ̀gá, kò gbàgbé. Orúkọ tí mo fi júwe ilé fún un ni kò lè kà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n Mọpélọ́lá gbé kẹ̀kẹ́ márúwá wá láti kó ẹrù àbúrò rẹ̀. Ó bá a nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ìka rẹ̀ ń sáré lórí bébà. Ó dúró lójú fèrèsé títí, ó sì ní kí ọlọ́kọ̀ máa lọ.

Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń jágbe mọ́ ìyá yín pé kò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí: kí a tó ní arúgbó gbàgbé ọ̀nà, ká yẹ orúkọ tí a fi júwe ilé wò.