Ìdí Tí Kò Fi Sí Oyin Nílé Agbọ́n

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tìmọ̀tìmọ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìmọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́? Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà láàárín yín, tètè jẹ ẹ́ tán, ìtàn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà láéláé, nígbà tí Agbọ́n kì í ta ẹnikẹ́ni, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Oyin nínú ihò igi ayùnrẹ́.

Ìyá Oyin kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ yàrá wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́. Agbọ́n mọ tirẹ̀, ó gún régé.

"Ó ku bí a ṣe ń fi oyin kún un," ni Ìyá Oyin wí. "Ibẹ̀ niṣẹ́ wà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Mo ti mọ̀ ọ́n."

"O ti mọ kí ni? Ìdí òdòdó kan ṣoṣo, o ò tíì dé."

Agbọ́n ò dúró. Ó pe ẹbí, ó ṣe firídọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ́.

Láti ìgbà náà, bó bá ti dé àwùjọ, á wúkọ́. "Ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Ọ̀rọ̀ oyin jinlẹ̀. Ó ní orírun, ó ní ìpìlẹ̀."

Àwọn ẹranko á mi orí. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tìmọ̀tìmọ̀."

Ẹtu, tó ti ń wojú Ọlọ́run fọ́mọ tipẹ́, wá bímọ. Nínú igbó yẹn, bí oyin ò bá kan ọmọ lẹ́nu, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Ẹtu bá tọ Agbọ́n lọ.

"Gbogbo yàrá mi ló kún," ni Agbọ́n wí.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n yẹ inú ilé Agbọ́n wò. Òfìfo. Ọmọ ń ké. Oòrùn ń gòkè.

"Ṣé báyìí lọmọ mi máa wà láìlórúkọ?" ni Ẹtu bi wọ́n.

"Èèrà ló lá a tán," ni Agbọ́n wí.

Èèrà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, bí oyin bá wọlé yín rí, ṣé ibòmíràn lẹ ti máa bá mi?"

Ibi tí wọ́n ti ń rojọ́ ni Ìyá Oyin, tó ti gbọ́ ẹkún ọmọ, ti fò dé, ó gbé afárá dání. Ó tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu, ọmọ lá a, ẹkún dá. Wọ́n sọ ọ́ ní Adùnọlá.

Ẹtu mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó, ohun tí à ń pè ní tìmọ̀tìmọ̀ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni Agbọ́n ti ń ta ẹni tó bá yọjú sílé rẹ̀, kí wọ́n má baà tún rí i pé oyin ò sí níbẹ̀. Ìyá Oyin náà ń ta o, àmọ́ nítorí ohun tó wà nílé rẹ̀ ni. Ti Agbọ́n, nítorí ohun tí kò sí ni.

Nítorí náà, bó bá ta ọ́ lọ́la, tójú rẹ wú, má bú Èèrà fún mi, má bú Ìyá Oyin. Ẹni tó ṣe firídọ́ọ̀mù kó tó kọ́ṣẹ́ tán ló jẹ̀bi. Agbọ́n ni.