Bẹ́líìtì Abẹ́ Ìjókòó

"Má sọ ògbólógbòó nù, tuntun kò tíì gun òkè." Ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe yìí, ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, mo ti gbọ́ ọ ní kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn baba ńlá wa ló pa á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí ju òwe náà lọ lọ́jọ́ orí. Iwájú ìsọ̀ mẹ́káníìkì kan ní ìlú Ìdí-Ẹfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sì wà níbẹ̀.

Mopélọ́lá ìyàwó mi ni agbẹ̀bí ìlú náà. Ó ní ọkọ̀ ìjàpá kan, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí kì í lo omi. Ọkọ̀ náà ti gbó. Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ ti ṣíwọ́, ojúlówó ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ti di àwátì lọ́jà. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe láti fi jọ ọ́ ló kù. Ọ̀kan á yi bí awọ ẹfọ̀n, èkejì á já bí òwú, inú páálí kan náà ni wọ́n sì ti jáde. Ògúnsákin, mẹ́káníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà, kì í fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Á tẹ ọjà náà wò, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á fi eyín tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà á mi orí, á ní, "Ọlọ́run ló mọ èyí tó jẹ́ ọmọ gidi nínú wọn."

Àwọn mẹ́káníìkì ìlú wa ní èèwọ̀ kan nígbà náà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ nǹkan lára ọkọ̀, wọ́n á fi ògbólógbòó han ọlọ́kọ̀, kó lè mọ̀ pé lóòótọ́ ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á jù ú sínú igbó. Wọ́n ní orogún ni ògbólógbòó àti tuntun, pé bí àwọn méjèèjì bá wọ ọkọ̀ kan náà, ìjà wọn á dá ọkọ̀ dúró.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bẹ́líìtì tó ń yí fáànù ọkọ̀ náà ló ti ya káàkiri. Fáànù yìí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bí bẹ́líìtì bá já, ẹ́ńjìnnì á gbóná, ìrìn parí nìyẹn. Ògúnsákin fi tuntun sí i. Bó ṣe fẹ́ ju ògbólógbòó náà nù, Mopélọ́lá na ọwọ́ gbà á.

"Háà, Màmá! Ẹ má kó ìyáálé àti ìyàwó sínú ọkọ̀ kan o. Wọ́n á fa irun ara wọn tu."

"Ògúnsákin, lọ́jọ́ tí ìyàwó tuntun tó o fẹ́ bá bínú, ta ní ń fún ẹ lóúnjẹ?"

Àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ògúnsákin họ orí. "Ìyáálé ni, Màmá."

"O ò wá rí i? Má sọ ògbólógbòó nù, tuntun kò tíì gun òkè." Ó ká bẹ́líìtì náà, ó fi í sábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

A kò tíì kúrò níbẹ̀ tí wọ́n fi gbé aláboyún kan tó ń jẹ́ Ṣíjúadé dé. Ó ti ń rọbí láti àná, ọmọ sì dábùú sí i nínú. Ìyàwó mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó di iṣẹ́ abẹ. Orí òkè ni ilé ìwòsàn ìjọba wà. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ dì í mú. Ògúnsákin ní òun gbọ́dọ̀ bá wọn lọ, kí òun lè gbọ́ ohùn ọkọ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Mo fi àyè iwájú sílẹ̀ fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà, ẹnu òun àti ìyàwó mi ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ síra.

Wọn kò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí òórùn rọ́bà jíjó fi gba inú ọkọ̀. Iná pupa ìkìlọ̀ tàn níwájú awakọ̀. Mopélọ́lá pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí Ògúnsákin ṣí ẹ̀yìn, bẹ́líìtì tuntun náà ti já, ó ti rún wómúwómú. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀. Ẹnu Ògúnsákin ni ó ti kọ́kọ́ jáde pé, "Mo sọ ọ́! Orogún! Ògbólógbòó ló wà lábẹ́ ìjókòó yẹn!" Ni ìyá ọkọ Ṣíjúadé bá na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó fa ògbólógbòó yọ, ó fẹ́ jù ú sínú ọ̀gbun. Mopélọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ̀mí ọmọ ọmọ yín lẹ dì mọ́wọ́ yẹn. Ẹ gbé e fún un."

Ìyá náà gbé e fún Ògúnsákin.

"Màmá, ó ti rẹ eléyìí o."

"Ó rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó mọ ọ̀nà. Kí ìyáálé dáadáa, kó o fi í sí i."

Ó fi í sí i. Òun fúnra rẹ̀ kò padà wọ ọkọ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn wọn kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Bẹ́líìtì náà ń dún bí ẹni tó ń ráhùn, ṣùgbọ́n kò já. Wọ́n dé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Ṣíjúadé àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì yè.

Bí èèwọ̀ yẹn ṣe kú nìyẹn. Àwọn ọlọ́kọ̀ Ìdí-Ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ògbólógbòó dání títí tuntun á fi gun òkè lọ, tí á sì bọ̀. Àwọn awakọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Ògúnsákin, àwọn èrò gbà á lẹ́nu awakọ̀, ó di òwe.

Lọ́jọ́ tí a sin Mopélọ́lá, ọmọ tí Ṣíjúadé bí yẹn wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Oníwàásù pa òwe yìí níbẹ̀, ó ní ti àwọn baba ńlá wa ni.

Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó bá fẹ́ tìtorí ohun tí kò tíì dán wò kọ ohun tó ti ń gbé e bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọn kò sọ pé ohun àtijọ́ ló dára jù. Bẹ́líìtì yẹn gbó, ìyàwó mi sì mọ̀ pé ó gbó. Òkè ló ń sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Àwọn ọmọ wa ti ra ọkọ̀ mìíràn fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n wá jẹ́ kí wọ́n wọ́ ìjàpá ìyá wọn kúrò nínú ọgbà. Mo pa òwe náà fún wọn.