Olú Tí Àṣàbí Yan De Ọdún

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí Àṣàbí bá rí olú lóko, èyí tó fọ́ ló máa ń sè fún ọkọ rẹ̀. Á yan àwọn tó tóbi gbẹ, á gbé wọn sórí àjà de àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá ṣọdún.

“Ìyá Gbénró, àbí kí n kó lọ sí Èkó kí n tó rí olú ńlá jẹ?” ni ọkọ rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀.

“Ọ̀kánjúwà àgbà! Ẹ ní sùúrù, ọdún kù díẹ̀.”

Kí ọdún tó dé, bàbá ti kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àṣàbí se olú náà. Gbénró ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ díẹ̀ kù dọ̀la.”

“Ẹ jẹ ẹ́ tán,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ẹni tó bẹ̀ mí fún un ti sùn sẹ́yìnkùlé.”