Ẹlẹ́rìí Tó Wà Nínú Jíìpù

Ẹ gbọ́ ìwà ìkà: Olóyè Gbádéró fi jíìpù kọlu Akíngbadé ọlọ́kadà, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ó tún gbé e lọ sí kóòtù pé ọlọ́kadà ló jẹ̀bi. Olóyè ní, "Bí o ò bá mú ẹni tó bá mi jókòó nínú ọkọ̀ wá jẹ́rìí pé mo sáré, ẹ̀wọ̀n lò ń lọ!" Bẹ́ẹ̀, Olóyè nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà. Akíngbadé fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde. "Ẹ má bínú, bàbá. Tòkunbọ̀ yín ò lè ní àpótí tó ń rántí eré tí ọkọ̀ sá." Olóyè fò sókè: "Tòkunbọ̀ kẹ̀? Tuntun ni, oníranù! Àpótí rẹ̀ kì í gbàgbé, kì í purọ́!" Akíngbadé kọjú sí adájọ́: "Olúwa mi, ẹlẹ́rìí mi nìyẹn." Wọ́n ṣí àpótí náà: ogóje kìlómítà ní wákàtí kan, láì tẹ búrékì rárá. Adájọ́ ní, "Olóyè, ẹ̀yin lẹ sọ pé kì í purọ́."