Igi Obì Àríkẹ́

“A kì í fojú ọ̀sán gangan wo ààlà.” Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu wa, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ igi tí wọ́n gé lulẹ̀ kó tó di òwe?

Opó kan wà tó ń jẹ́ Látúndùn. Oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ bá ti Oyèlàkin, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, pààlà. Pèrègún kan wà ní ìkángun ààlà náà méjèèjì. Ẹni tó bá dúró ti ọ̀kan, tó wo èkejì lọ́ọ̀ọ́kán, ti rí ààlà. Igi obì kan wà nítòsí ibẹ̀, lápá ti Látúndùn. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ Àríkẹ́ sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Látúndùn bí, igi náà sì ti di ti ọmọ.

Lọ́dún kan, Oyèlàkin dáná sun igbó oko rẹ̀. Kí n má bo ọ̀rọ̀, ọ̀kánjúà ni ọkùnrin náà, kò lè dúró kí ilẹ̀ tutù. Lọ́sàn-án gangan, tí ooru ṣì ń rú lórí eérú, ó lọ wo ààlà. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rìn tààrà, bí igi tó tọ́ ṣe máa ń dà bí èyí tó ṣẹ́ bí a bá tì í bọ omi. Pèrègún òdìkejì ń jó lójú rẹ̀, ó yẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ Látúndùn. Ó ní inú ilẹ̀ òun ni igi obì wà. Ó yọ àáké.

Nígbà tí Látúndùn dé, igi ti wà nílẹ̀. Ó kọjú sí Oyèlàkin.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni ọmọ mi fi ṣe yín?”

“Ìyá Àríkẹ́, ojú mi yìí ni mo fi rí ààlà. Ṣé ojú mi ń purọ́ ni?”

“Ó ń purọ́! Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó tún un wò níṣojú mọ̀lẹ́bí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo mọ̀lẹ́bí péjọ. Ilẹ̀ ti tutù. Oyèlàkin wo ọ̀ọ́kán: pèrègún dúró ṣinṣin síbi tó ti wà látayébáyé, kùkùté obì sì wà nínú ilẹ̀ Látúndùn gbangba. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Inú tó ń bí Látúndùn kò tilẹ̀ jẹ́ kó lè sunkún. “Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lè dìde. Igi ọmọ mi ńkọ́?”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń sọ pé a kì í fojú ọ̀sán gangan wo ààlà. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tó sì fẹ́ dájọ́ lójú ẹsẹ̀, ni wọ́n ń pa á fún, kó má baà gé ohun tí kò ní lè gbé dìde.